D tí wọ́n kọ RECOVERY sí ti pòórá lórí HP mi lẹ́yìn tí wọ́n tún Windows fi sí i: ṣé ó ṣeé dá padà?

Mọ̀mí Àgbowó

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ dákun, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí.

Láptọ́ọ̀pù tí mo fi ń ṣiṣẹ́ ní bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà mi, HP Pavilion 15 ni. Tuntun ni mo rà á lọ́dún 2017, kì í ṣe tòkunbọ̀. Core i5 ìran keje ni, RAM rẹ̀ 8GB, háàdì dísíìkì rẹ̀ 1TB. Háàdì dísíìkì tó ń yí ni o, kì í ṣe SSD. Láìpẹ́ yìí ó bẹ̀rẹ̀ ìṣe kan: á tàn, àmì HP á yọ, á wá dúró síbẹ̀, kò ní wọlé. Mo gbé e fún ẹnìkan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ládùúgbò. Ó kó iṣẹ́ àwọn oníbàárà mi sórí external, ó fi Windows mìíràn sí i, ó gba owó rẹ̀. Ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́, ó tiẹ̀ yá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ohun tó ń dùn mí rèé. Tẹ́lẹ̀, tí mo bá ṣí This PC, mo máa ń rí C, mo sì máa ń rí D tí wọ́n kọ RECOVERY sí, ó tó bíi 13GB. D yẹn kò sí mọ́. Mo tẹ F11 bó ṣe ń tàn lọ́wọ́, kò mú nǹkan kan wá. Mo wọ Settings, mo tẹ Reset this PC, ohun tó kọ sí mi lójú ni "Could not find the recovery environment". Mo pe ẹni tó tún un ṣe, ó ní òun pa gbogbo rẹ̀ rẹ́ kí àyè lè pọ̀ fún mi, pé kò sẹ́ni tó ń lò ó.

Èmi ń lò ó. Ẹ̀yin náà mọ iṣẹ́ wa: tí àsìkò project bá ti dé, fláṣì gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ni yóò bọ́ sára ẹ̀rọ yẹn, tòun ti fáírọ́ọ̀sì inú wọn. D yẹn ló kó mi yọ nígbà tí fáírọ́ọ̀sì ba ẹ̀rọ náà jẹ́ nígbà kan. Ṣé ó ṣeé dá padà, àbí ó ti lọ nìyẹn?

Tísà Físíìsì

Mọ̀mí, ẹ má dààmú ara yín. Ẹ wá fláṣì 8GB, ẹ lọ sí ojúlé Microsoft, ẹ gba Media Creation Tool, ẹ fi ṣe fláṣì Windows, ẹ tọ́jú rẹ̀ sínú dúrọ́ọ̀. Ọjọ́ tí ẹ̀rọ bá dijú, ẹ fi fláṣì yẹn tún un ṣe. Recovery partition (ìyẹn ìpín háàdì dísíìkì tí ẹ ń rí bíi D) kàn ń jẹ àyè lásán ni lójú tèmi.

Oníṣẹ́-Ẹ̀rọ Abẹ́òkúta

Ẹ kú iṣẹ́ mà. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó ṣe ohunkóhun, ẹ ṣíwọ́ iṣẹ́ lórí láptọ́ọ̀pù yẹn ná. Ẹ má gba fáìlì tuntun sórí rẹ̀, ẹ má fi ètò kankan sí i. Màá sọ ìdí.

Tísà, fláṣì dára, mo fara mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n fláṣì Microsoft kò ní dráíbà HP (ètò tí Windows fi ń lo àwọn ohun èlò inú ẹ̀rọ) nínú, kò sì ní ràn wọ́n lọ́wọ́ lọ́jọ́ tí wọn kò bá rí fláṣì náà nítòsí tí oníbàárà sì dúró sí wọn lórí. Inú mi máa ń bàjẹ́ tí mo bá rí i pé ẹnìkan pa ìpín yìí rẹ́ lórí ẹ̀rọ oníbàárà láìbi í. Nínú 1TB, kí ni 13GB fẹ́ gbà?

Mọ̀mí, nǹkan méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni àwọn èèyàn ń pè ní recovery, tí a bá sì pa wọ́n pọ̀ a ó ṣìnà. Èkíní ni D tí ẹ ń wí yẹn. HP ló fi síbẹ̀: odidi Windows bó ṣe rí lọ́jọ́ tó kúrò lọ́dọ̀ wọn, àti dráíbà àti àwọn ètò wọn. Èkejì, tí wọ́n ń pè ní WinRE tàbí Windows RE, kéré, kì í sábà ju 500MB sí 1GB lọ, kò ní lẹ́tà, nítorí náà ẹ kò lè rí i nínú This PC. Windows fúnra rẹ̀ ló ń ṣe é nígbà tí wọ́n bá fi í sórí dísíìkì tó ṣófo. Fáìlì kan tó ń jẹ́ winre.wim ló wà nínú rẹ̀. Òun ló ń gbé ojú búlúù yẹn jáde, níbi tí Startup Repair, System Restore àti Command Prompt wà, tí Windows bá kọ̀ tí kò ṣí. Òun náà ni Reset this PC wá tí kò rí. Kì í ṣe D ló ń wá.

Ti èkejì yìí, a lè tún un ṣe. Ti èkíní, ó kù sí ọwọ́ ohun tó ti ṣẹlẹ̀ lórí dísíìkì yẹn látìgbà náà. Tí wọ́n bá pa ìpín rẹ́ lórí háàdì dísíìkì tó ń yí, ìwé ilẹ̀ ni wọ́n fà ya; ilẹ̀ ṣì wà níbẹ̀ títí ẹlòmíràn yóò fi kọ́lé sórí rẹ̀. Ìdí tí mo fi ní kí ẹ má kó nǹkan tuntun sí i nìyẹn. Ká ní SSD ni, ìrètí ì bá kéré gidi, torí Windows máa ń fi àṣẹ kan tó ń jẹ́ TRIM ránṣẹ́ sí SSD pé a ò nílò àwọn ibi wọ̀nyẹn mọ́, SSD náà á sì gbá wọn mọ́ fúnra rẹ̀.

Ẹ bá mi ṣe nǹkan méjì, wíwò lásán ni, kò ní ba nǹkan jẹ́. Ẹ kọ cmd sínú àyè ìwárí, ẹ tẹ Command Prompt ní bọ́tìnì ọ̀tún, ẹ yan Run as administrator, kí ẹ kọ àṣẹ yìí tó ń sọ bí WinRE ṣe wà:

reagentc /info

Lẹ́yìn náà ẹ tẹ bọ́tìnì ọ̀tún lórí Start, ẹ ṣí Disk Management, kí ẹ sọ gbogbo ìpín tí ẹ rí nínú Disk 0 fún wa.

Mọ̀mí Àgbowó

Ẹ ṣeun, ọ̀gá mi. Ohun tí mo rí nìyí:

Windows RE status: Disabled. Níwájú Windows RE location, òfìfo ni.

Disk Management: 100MB tí wọ́n kọ EFI System Partition sí, lẹ́yìn rẹ̀ C, 931GB. Kò sí nǹkan mìíràn.

Mo ka ibì kan pé kí n kọ reagentc /enable. Mo kọ ọ́, ó ní "The Windows RE image was not found." Ohun mìíràn tí mo ṣàkíyèsí: Microsoft Store kò sí nínú Windows yìí rárá, Windows Defender náà kò sí. Wọ́n sì kọ Pro sí i, bẹ́ẹ̀ Home ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Oníṣẹ́-Ẹ̀rọ Abẹ́òkúta

Ọ̀rọ̀ ti yé mi wàyí, mà. Windows tí wọ́n fi sí i fún yín kì í ṣe èyí tó ti ọwọ́ Microsoft wá ní tààrà. Èyí tí wọ́n ń pè ní "lite" ni. Àwọn kan ló gé e kúrú kí ó lè yá lórí ẹ̀rọ tí kò lágbára, wọ́n yọ Store, wọ́n yọ Defender, wọ́n sì yọ winre.wim mọ́ ọn. Ìdí tí reagentc fi ní òun kò rí àwòrán (image, ìyẹn fáìlì winre.wim) nìyẹn. Ẹ̀rọ tí fláṣì gbogbo ayé ń wọ̀ kò yẹ kó wà láìní Defender, pàápàá tí kò bá sí antivirus mìíràn nínú rẹ̀. Èyí gan-an dùn mí ju ọ̀rọ̀ D lọ.

Ẹ má ro pé ẹ ti pàdánù Home yín. Láti ìgbà Windows 8, lọ́dún 2012, ni àwọn ilé iṣẹ́ bíi HP ti ń kọ kọ́kọ́rọ́ Windows (product key) sínú BIOS ẹ̀rọ, ìyẹn ètò inú bọ́ọ̀dù ẹ̀rọ tó ń ṣáájú Windows tàn. Bí wọ́n bá pa háàdì dísíìkì rẹ́, tàbí kí wọ́n tiẹ̀ pààrọ̀ rẹ̀, kọ́kọ́rọ́ yẹn wà níbẹ̀. Ẹ ṣí PowerShell, ẹ kọ:

(Get-CimInstance SoftwareLicensingService).OA3xOriginalProductKey

Lẹ́tà àti nọ́ḿbà tó bá jáde, tiyín ni. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, ẹ má gbé e síbí.

Bí mo bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, bí màá ṣe tò ó rèé.

Ohun àkọ́kọ́ ni ká wá D wò. Ètò ọ̀fẹ́ kan wà tó ń jẹ́ TestDisk. Ẹ má fi í sórí láptọ́ọ̀pù yẹn. Ẹ jẹ́ kí ẹnìkan yọ háàdì dísíìkì náà, kó fi àpótí USB so ó mọ́ kọ̀ǹpútà mìíràn, kó ṣí TestDisk níbẹ̀. Analyse, Quick Search, tí kò bá rí i, Deeper Search. Èyí ń pẹ́ gan-an lórí 1TB, ẹ má jẹ́ kó sú yín. Tí orúkọ RECOVERY bá yọ, kí ó tẹ P láti wo fáìlì inú rẹ̀. Bí fáìlì bá hàn, kó fi lẹ́tà a yan gbogbo rẹ̀, kó tẹ C ńlá láti kó wọn sórí external. Mo bẹ̀ yín, kò gbọdọ̀ tẹ Write o! C tuntun ti gba gbogbo dísíìkì, ó ti bo ibi tí D wà tẹ́lẹ̀. Ẹni tó bá ní kí TestDisk kọ ìpín àtijọ́ padà sínú tábìlì ìpín dísíìkì yóò ba C jẹ́ mọ́ àwọn iṣẹ́ tó wà nínú rẹ̀ nísinsìnyí.

Bí kò bá sí nǹkan níbẹ̀, a kò ní jókòó máa sunkún. HP ní ohun tí wọ́n ń pè ní HP Cloud Recovery Tool. Inú Microsoft Store ló wà, nítorí náà orí kọ̀ǹpútà mìíràn tó ní Store ni ẹ ó ti ṣe é. Ẹ ó kọ Product ID tó wà lábẹ́ láptọ́ọ̀pù yín sí i, ẹ ó ki fláṣì 32GB bọ̀ ọ́, á sì gba ohun tó wà nínú D yẹn sílẹ̀ láti ọ̀dọ̀ HP. Kì í ṣe gbogbo ẹ̀rọ ló wà nínú rẹ̀. Bí tiyín kò bá sí níbẹ̀, ètò náà yóò sọ fún yín lójú ẹsẹ̀ kí dátà yín tó jó. Dell ní irú rẹ̀, OS Recovery Tool ni wọ́n ń pè é. Lenovo náà ní tiwọn, nọ́ḿbà sérìà ni wọ́n ń béèrè.

Ti WinRE kékeré yẹn ló kàn. Tí ẹ bá fẹ́ gbọ́ tèmi, ẹ kó iṣẹ́ yín kúrò, kí ẹ fi Windows tó ti ọ̀dọ̀ Microsoft wá rọ́pò lite yìí. Níbi tí Setup ti ń béèrè pé orí ibo ni kí òun wà, ẹ pa gbogbo ìpín Disk 0 rẹ́ títí yóò fi ku Unallocated Space nìkan, kí ẹ tẹ Next. Setup á ṣe EFI (ìpín tí ẹ̀rọ fi ń tàn), á ṣe MSR (ìpín kékeré tí Windows fi pamọ́ fún ara rẹ̀), á ṣe C, á sì ṣe recovery sí ẹ̀yìn C. Kọ́kọ́rọ́ inú BIOS á sọ fún un pé Home ni, á sì ṣí ara rẹ̀ nígbà tó bá rí íntánẹ́ẹ̀tì.

Mọ̀mí Àgbowó

Ọ̀gá mi, Olúwa á máa fún yín ní ìlera. Mo ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ project tó wà nílẹ̀ báyìí pọ̀, mi ò lè pa ẹ̀rọ yìí rẹ́ títí àwọn ọmọ yẹn yóò fi gba iṣẹ́ wọn. Ǹjẹ́ ọgbọ́n wà tí mo fi lè ní ojú búlúù yẹn ná láìpa nǹkan rẹ́?

Oníṣẹ́-Ẹ̀rọ Abẹ́òkúta

Ó wà, mà. Kí ẹ kọ́kọ́ ṣe TestDisk yẹn tán ṣá, torí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí yóò kọ nǹkan sí ìparí dísíìkì gan-an níbi tí D wà tẹ́lẹ̀. Ẹ kó iṣẹ́ àwọn ọmọ sórí external náà kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Kí bátìrì kún, kí jẹnẹrétọ̀ wà nítòsí. Iná kò gbọdọ̀ lọ nígbà tí C bá ń sún mọ́ra.

Ẹ máa nílò winre.wim. Lórí kọ̀ǹpútà mìíràn, ẹ fi Media Creation Tool gba ISO Windows 10 (odidi Windows nínú fáìlì kan ṣoṣo). Ó ju 4GB lọ, ẹ fi dátà òru ṣe é. Windows tiyín gbọ́dọ̀ jẹ́ 22H2 (ẹ̀yà Windows 10 tó kẹ́yìn) bíi tirẹ̀. Ẹ kọ winver sínú àyè ìwárí láti mọ̀. Ẹ fi ètò tó ń jẹ́ 7-Zip ṣí ISO náà, ẹ wọ sources, ẹ ṣí install.esd, ẹ wọ fódà 1, Windows, System32, Recovery. Winre.wim wà níbẹ̀. Ẹ fà á jáde, ẹ gbé e wá sínú C:\Windows\System32\Recovery lórí HP yín.

Lẹ́yìn náà, nínú Command Prompt ti administrator, ẹ máa kọ wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan (diskpart ni ètò tí Windows fi ń pín dísíìkì):

diskpart
select disk 0
list partition

Ẹ wo nọ́ḿbà tí C ní níbí dáadáa. Disk Management kì í fi MSR hàn, torí náà C yín lè jẹ́ 3 kì í ṣe 2. Ẹ fi títóbi rẹ̀ dá a mọ̀. Ká ní 3 ni:

select partition 3
shrink desired=1024 minimum=1024
create partition primary id=de94bba4-06d1-4d40-a16a-bfd50179d6ac
gpt attributes=0x8000000000000001
format quick fs=ntfs label="Recovery"
exit

Nọ́ḿbà gígùn yẹn ni Windows fi ń dá ìpín recovery mọ̀ láàárín àwọn yòókù. Ẹ má kọ ọ́ lọ́wọ́, ẹ kọ́pì rẹ̀ láti ibí. Èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 0x, iṣẹ́ méjì ló ń ṣe: 8 iwájú ní kí Windows má fún un ní lẹ́tà, 1 ìparí ní ìpín tí ẹ̀rọ nílò ni, kí wọ́n má pa á rẹ́. Bí shrink bá ní kò sí àyè nígbà tí ẹ mọ̀ pé àyè wà, ẹ jáde, ẹ kọ powercfg /h off, ẹ tún ẹ̀rọ tàn, kí ẹ tún un ṣe.

Ó ku:

reagentc /setreimage /path C:\Windows\System32\Recovery
reagentc /enable
reagentc /info

Bí ó bá ṣì ń ṣagídí, ẹ lọ sínú fódà Recovery yẹn kan náà, ẹ yí orúkọ ReAgent.xml padà sí ReAgent.old, kí ẹ tún enable kọ. Windows á ṣe òmíràn fúnra rẹ̀.

Ohun kan ṣoṣo tí mi ò ní ṣèlérí fún yín ni Reset this PC. Ní Windows 10, Reset kì í lo àwòrán kankan tí wọ́n tọ́jú pamọ́. Fáìlì inú C fúnra rẹ̀ ló fi ń tún Windows kọ́. Níwọ̀n ìgbà tí wọ́n ti gé C yín kúrú, ó lè dé àárín ọ̀nà kó dúró. Ẹ lo Startup Repair àti System Restore, ẹ fi Reset sílẹ̀ ná.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ní Manchester

Ẹ kú ọgbọ́n, Ọ̀gá Abẹ́òkúta. Ẹ jẹ́ kí n fi kún un fún àwọn tí ìpín recovery tiwọn kò sọnù ṣùgbọ́n tó kéré jù. Ní January 2024, Microsoft gbé àtúnṣe KB5034441 jáde fún Windows 10, ó sì ń kọ̀ lórí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ pẹ̀lú nọ́ḿbà àṣìṣe 0x80070643. Tèmi náà wà lára wọn. Ìpín recovery gbọ́dọ̀ ní 250MB tó ṣófo kí àtúnṣe yẹn tó lè wọlé, tèmi kò ní in. Ọ̀nà yìí kan náà ni Microsoft ní ká gbà, àfi pé reagentc /disable ló ń ṣáájú, tí a ó sì pa ìpín àtijọ́ rẹ́ kí a tó ṣe tuntun. Nítorí náà 1GB tí ọ̀gá sọ yẹn, ẹ má ṣe dín in kù.

Ẹni tí BitLocker (ohun tí Windows fi ń ti dísíìkì pa) bá wà lórí ẹ̀rọ rẹ̀, kó kọ recovery key rẹ̀ sílẹ̀ kó tó fọwọ́ kan diskpart. Windows kì í sì gbà kí WinRE wà lórí C tí BitLocker ti tì, àfi kó ní ìpín tirẹ̀.

Mọ̀mí Àgbowó

Mo dé o. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi bá mi ṣe TestDisk. Orúkọ RECOVERY yọ lóòótọ́, inú mi dùn, àmọ́ nígbà tó tẹ P, ó ní "Can't open filesystem. Filesystem seems damaged." A fi í sílẹ̀, a kò tẹ Write.

A wá ṣe ti winre. C wà ní 3 bí ẹ ṣe wí. Enable kọ́kọ́ kọ̀, a yí orúkọ ReAgent.xml, ó gbà. Ó ti kọ Enabled báyìí, ó sì fi harddisk0\partition4\Recovery\WindowsRE hàn. Mo di Shift mú, mo tẹ Restart, ojú búlúù jáde, mo rí Startup Repair níbẹ̀. Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin ọ̀gá mi.

HP Cloud Recovery gba Product ID mi, fláṣì ti wà nílẹ̀. Tí àwọn ọmọ bá ti gba iṣẹ́ wọn tán, ṣé fláṣì HP yìí ni kí n lò, àbí ti Microsoft?

Oníṣẹ́-Ẹ̀rọ Abẹ́òkúta

Ẹ kú oríire mà! Ti HP ni kí ẹ lò, torí dráíbà. Yóò pa gbogbo dísíìkì rẹ́, ẹ rí i pé kò ku iṣẹ́ ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Ó lè jẹ́ Windows 10 àtijọ́ ló máa gbé wá, nítorí náà kí ẹ tó gba fláṣì oníbàárà kankan sára rẹ̀, ẹ jẹ́ kí Windows Update gbé e dé 22H2. Microsoft ti dá àtúnṣe ọ̀fẹ́ Windows 10 tí gbogbo èèyàn ń gbà dúró ní October 14, 2025, ìran keje tiyín kò sì sí lára àwọn tí Windows 11 gbà. Ẹ wo Extended Security Updates (àfikún àtúnṣe ààbò) nínú Settings, ó gbé e dé October 2026 fún àwọn tó bá forúkọ sílẹ̀. Tí gbogbo rẹ̀ bá parí, ẹ tún reagentc /info kọ, kí ẹ gbé ohun tó bá jáde wá síbí. Bí ìpín náà bá kéré, a ó jọ fẹ̀ ẹ́.